Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Gé Akùrọ̀ Ìlọrin ní Pùlọ́ọ̀tì

Sí ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń buwọ́ lu ìwé ilẹ̀, ẹ̀yin olórí ẹbí onílẹ̀, àti ẹ̀yin awọnlẹ̀ tí ẹ ń bá wọn ri bíkìn, ìyẹn òpó ààlà ilẹ̀, nílùú Ìlọrin.

Àsàlámú àlékúmù. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. N kò ní fi ìkíni dá yín lágara, nítorí òjò ti ń ṣú.

Agbẹ́kànga ni mí. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, mo sì ti gbẹ́ kànga ní ìhà méjèèjì Odò Asà, láti inú agboolé àtijọ́ lápá Pákátà títí dé àwọn ilé tuntun lọ́nà Tánkẹ̀. Àdúgbò wa ló ní kí n kọ lẹ́tà yìí. Èyí tí a kọ́kọ́ kọ, ọwọ́ ara wa la fi gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń buwọ́ lu ìwé ilẹ̀. Wọ́n ní kí á fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. A padà lọ, wọ́n ní ọ̀gá kò sí nítòsí. Nígbà tó yá, akọ̀wé náà gan-an ló ń bi wá pé lẹ́tà wo. Ìyẹn ló jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ wá síta, kí ará ìlú bá wa kà á.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwọn kan gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ wọ akùrọ̀ tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa, níbi tí odò kékeré kan ń gbà lọ bá Asà. Wọ́n ri bíkìn sáàárín ẹbẹ tẹ̀tẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn bíkìn náà, inú omi ló dúró sí. Oṣù kejì ọdún ni o, nígbà tí àwọn kànga orí òkè ti ń fa ẹrẹ̀, tí òjò kankan kò tíì kán. Ẹni tó ri bíkìn sínú omi ní oṣù kejì, kí ló rò pé yóò wà níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án? Kò pẹ́ sígbà náà ni típà bẹ̀rẹ̀ sí í já yangí àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. A béèrè, ẹbí onílẹ̀ ní ọ́fíìsì ti fọwọ́ sí i. Ọ́fíìsì ní ilẹ̀ ẹbí ni, ẹbí ló tà á. Awọnlẹ̀ ní iṣẹ́ tí wọ́n bẹ òun lòun ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú lẹ́tà kan.

1. Akùrọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀kan nínú yín ni pé ilẹ̀ náà “kàn wà níbẹ̀ lásán.” Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ mi fi hàn mí.

Àpáta ló wà lábẹ́ Ìlọrin. A kò dà bí àwọn ará Èkó tí yanrìn jìn lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Tí mo bá ti ojú ilẹ̀ wọlẹ̀, ilẹ̀ pupa ni mo kọ́kọ́ máa ń bá, ìyẹn kì í yọni lẹ́nu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yangí, tí í máa ta ìṣáná lójú díígà, tí ọmọ iṣẹ́ tí kò bá lágbára á ti máa wá àwáwí. Tí a bá já a, a ó bá amọ̀ funfun tó ní àmì pupa lára, tó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Ìsàlẹ̀ amọ̀ yìí ni òkúta tó ti jẹrà wà, oníyanrìn, tó ń dán wínníwínní bí a bá tan iná sí i. Ibẹ̀ ni omi ti ń yọ lára ògiri kànga bí òógùn lára ẹni tó ń gúnyán. Tí a bá tún wà á síwájú díẹ̀, díígà á dún gbọ̀n-ín, a ti kan àpáta. Iṣẹ́ ọwọ́ tán níbẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lu bọ́hòlù nìkan ló lè máa wá ibi tí àpáta ti lanu, wọ́n sì máa ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò bá omi kàn fún.

Gbogbo omi tí à ń mu láti inú ilẹ̀ nílùú yìí, àárín amọ̀ àti àpáta yẹn ló ń gbé, àti inú àwọn ojú ibi tí àpáta ti là. Ibẹ̀ kò nípọn. Òjò oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ló ń kún un, nǹkan bíi milimítà 1,200 lọ́dún kan. Láti oṣù kọkànlá títí òjò àkọ́rọ̀ fi máa dé, ohun tó wọlẹ̀ nígbà òjò ni à ń fà jẹ. Omi náà kò sì dúró sójú kan lábẹ́ ilẹ̀. Ó ń rọra fà láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀, ibi tó ti ń yọ síta sì ni akùrọ̀. Ìdí nìyẹn tí kànga ẹ̀bá akùrọ̀ fi máa ń gbẹ kẹ́yìn.

Ó ṣẹ́ ku ohun tí ẹ̀yin ń ṣe. Kí ilé tó lè dúró ní akùrọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé omi kúrò. Ẹ ó da yangí sí i, ẹ ó gbẹ́ gọ́tà oníkọnkéré tó jìn láàárín rẹ̀, kí omi lè sáré lọ. Omi tó bá sáré lọ nísàlẹ̀ yóò fa ti òkè tẹ̀lé e. Mo ti rí i níbòmíràn nínú ìlú yìí: kànga tí kì í gbẹ títí òjò fi ń dé, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí wọ́n fi kọnkéré sọ odò ìsàlẹ̀ rẹ̀ di gọ́tà, di èyí tí wọ́n ń so okùn pọ̀ mọ́ okùn kí garawa tó kan omi, ní oṣù kejì. Wọ́n pè mí kí n wá gbẹ́ ẹ jìn sí i. Mo wọlé, mo bá àpáta. Kò sí ohun tí mo lè ṣe, àfi kí n gùn ún jáde.

Ẹni tó lówó á lu bọ́hòlù, á gbé táǹkì lé orí òpó. Ẹni tí kò ní, á máa dúró de mẹ́ruwà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí ọmọlanke. Ẹ̀rọ omi ìjọba kì í yọ ní àdúgbò wa, nítorí náà pùlọ́ọ̀tì tí ẹ tà nísàlẹ̀, ará òkè tí kò bá yín dúnàá-dúrà ló ń san nínú owó rẹ̀.

2. Omi máa padà wá sílé rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá mọ Ìlọrin ló mọ̀ pé Asà ló pín in sí méjì, ìlú àtijọ́ ní ìwọ̀-oòrùn, ilé ìjọba àti àwọn àdúgbò tuntun ní ìlà-oòrùn. Ṣùgbọ́n Asà kì í dá wá. Àgbà, Àlùkò, Òkun, Òsèrè, Odòòta, gbogbo wọn ló ń tú omi wọn sínú rẹ̀ láàárín ìlú níbí. Òrùlé páànù àti títì ọlọ́dà ti gba orí òkè wa, àgbàrá tí ì bá wọlẹ̀ nígbà kan, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń dé ìsàlẹ̀ báyìí. Akùrọ̀ ló ń gbà á mọ́ra, tó ń tẹ́ ẹ káàkiri, tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá dí i, àgbàrá kò ní sọ pé nítorí pé ẹ ní ìwé, òun yóò yà.

Ṣé ẹ fẹ́ àpẹẹrẹ ni? Ẹ bi ará Ìbàdàn léèrè Ògùnpa. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò tí ilé àti pàǹtí ti fún lọ́rùn jáde, ó pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ. Ọdún 2011, oṣù kẹjọ kan náà, omíyalé tún pa ju ọgọ́rùn-ún lọ nílùú Ìbàdàn. Ẹ wo Lẹ́kí létí òkun níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n ti fi yanrìn dí irà àti ọ̀sà: ilé olówó gọbọi, àwọn onílé ń ká ṣòkòtò sókè rìn nínú omi lójú títì wọn lọ́dọọdún, omi kànga wọn sì tún ń níyọ̀. Àwọn yẹn lè sọ pé òkun ló ká àwọn mọ́, ilẹ̀ ló há. Àwa ńkọ́? Òkun jìnnà sí wa. Omi Asà gan-an máa rìn lọ bá Ọya kó tó bá Ọya dé òkun. Ta ló lé wa dé inú irà?

3. Àwọn tó wà níbẹ̀, ènìyàn ni wọ́n.

Nínú ìwé tí ọ̀kan nínú àwọn tó ra ilẹ̀ fi hàn wá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ náà kò ní ẹnikẹ́ni lórí. Kí ẹ tó ri bíkìn, ẹ̀yin gan-an rìn láàárín ẹbẹ. Ta ló kọ ẹbẹ?

Àwọn ìyá wa ló ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú níbẹ̀. Àwọn Haúsá tó ti ń bá wa gbé láti ọjọ́ pípẹ́ ń gbin àlùbọ́sà àti lẹ́tùsì ní apá òdìkejì. Àwọn Fúlàní ń da màlúù wá mu omi lálẹ́, ìjà a máa wà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí màlúù bá wọ ẹ̀fọ́, Alángùá, ìyẹn olórí àdúgbò, á pè wọ́n, wọ́n á sanwó, ọ̀rọ̀ á tán. Ètò wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé.

Ẹ wá wò wọ́n ní ìdájí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá kan á ti gbẹ́ kòtò tí kò ju orúnkún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹbẹ rẹ̀, omi á ti yọ síbẹ̀ mọ́jú. Á fi kẹ́ẹ̀gì tó gé ẹnu rẹ̀, tó fi ìṣó lu ihò sí nídìí, bu omi náà, á máa rìn sẹ́yìn bó ṣe ń wọ́n ọn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà tẹ èyí tó ti rin. Kí oòrùn tó mú, ó ti fa èyí tó tó fà, ó ti so ó ní ìdì, ó ti rì í sínú omi kó má baà rọ, ọlọ́kadà ti gbé e lọ sọ́jà Ìpàtà. Ẹ̀fọ́ tí ẹ̀yin náà jẹ lálẹ́ àná, ẹ béèrè ibi tó ti wá lọ́wọ́ ìyàwó yín.

Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan kí òun kó ohun tí òun gbìn kúrò. Ewédú tí kò tíì ju ìka lọ, ibo ni ènìyàn ń kó o lọ? Ẹnikẹ́ni kò fún un ní kọ́bọ̀.

4. Ìgbẹ́ àti omi mímu.

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí kò bójú mu, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fò ó. Ibi tí ènìyàn kò ní gbẹ́ ju ìwọ̀n orúnkún lọ kó tó kan omi, sọkawé, ìyẹn kòtò tí omi ìgbọ̀nsẹ̀ ń wọlẹ̀ sí, kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá dà sí i, inú omi ló dà sí tààrà. Ṣáláńgá burú jù ú lọ. Ẹni tó bá sì kọ́lé síbẹ̀, kànga ló máa gbẹ́, nítorí omi súnmọ́ tòsí, kò ná an lówó. Ṣáláńgá nìyí, kànga nìyẹn, ìgbésẹ̀ mélòó kan ló wà láàárín wọn nínú pùlọ́ọ̀tì kan.

Ẹ kò lè ti gbàgbé ọdún 2017. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ pé títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún náà, ènìyàn 1,558 ni wọ́n fura sí pé onígbáméjì kọlù ní Kwara, 11 nínú wọn kú. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Ìlọrin nìkan, láàárín oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, ní 780. Àárín ìgboro yìí ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín sin ẹni tí ẹ mọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn nígbà náà. Onígbáméjì, inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn ló ń gbà wọlé síni lára, ẹ sì tún fẹ́ lọ kọ́ ṣáláńgá sínú omi.

5. Òfin.

Lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ àdúgbò wa ló bá wa ṣí ìwé. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ènìyàn. Òfin kan náà ka irè oko mọ́ ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀ tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, ti àwọn ìyá wa kò sì tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìlú, títà ni ẹ tà á. Láti ọdún 2009 ni òfin àpapọ̀ ti wà lórí irà, etí odò àti etí adágún, pé kí wọ́n dáàbò bò wọ́n. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó omi Ọya apá ìsàlẹ̀, olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Ìlọrin níbí, ọkọ̀ ẹyọ kan péré lèèyàn máa wọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣé ẹ bi wọ́n kí ẹ tó gé pùlọ́ọ̀tì? Tí ẹ bá bi wọ́n, ẹ jẹ́ kí á rí èsì wọn.

6. Èsì yín, mo ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ ó ní ìlú ń gbòòrò, ibo ni kí àwọn ènìyàn kọ́lé sí. Òótọ́ ni, ìlú ń gbòòrò. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rìn lọ sí orí ilẹ̀ gíga lẹ́yìn ìlú, ẹ máa rí fẹ́ńsì lórí fẹ́ńsì, koríko ga nínú wọn ju ènìyàn lọ, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà. Àwọn tó ni wọ́n ń dúró kí owó rẹ̀ gbé pẹ́ẹ́lí ni. Ilẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó dì í mú ló pọ̀.

Nítorí náà ta ló ń ra akùrọ̀? Tíṣà ni, ọlọ́kadà ni, ìyá tó ń ta wàrà ni, ẹni tó ń kó owó àjọ jọ láti ọdún gbọọrọ. Wọ́n mú wọn lọ wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ tútù díẹ̀, wọ́n ní ìrì ni. N kò bínú sí àwọn wọ̀nyí rárá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n tí ẹ fi tà fún wọn ni mo ń bá wí.

Mo mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn ilé iṣẹ́ kan ń tú omi aláwọ̀ sínú Asà, àti pé àwa ará ìlú náà ń da pàǹtí sí odò tí òjò bá ti ṣú. Lẹ́tà ìyẹn lọ́tọ̀. Ẹ má fi í dá mi lóhùn.

7. Ohun tí a ń bèèrè.

Àkọ́kọ́, kí típà dúró. Kí á tó jíròrò ohunkóhun, kí yangí má ṣe wọ ibẹ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n ti já síbẹ̀, kí ẹni tó já a kó o kí òjò oṣù kẹfà tó gbà á lọ dí ihò omi abẹ́ títì.

Ìkejì, kí ẹ gbé àwòrán ilẹ̀ náà síta, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú àti ọjọ́ tó buwọ́ lù ú.

Ìkẹta, bíkìn ni ẹ mọ̀ ọ́n rì, ẹ lọ rì í sí ibi tó yẹ. Kí ẹ wọn etí gbogbo odò tó ń wọ Asà láàárín ìlú nígbà tí omi bá kún jù lọ, kì í ṣe ní oṣù kejì. Ibi tí omi bá dé ni kí ẹ fi bíkìn sí, kí ìwé kankan má kọjá ibẹ̀. Àwọn arúgbó àdúgbò lè fi ojú ibi tí omi ti dé rí hàn yín, kò gba owó.

Ìkẹrin, àwọn tó ti sanwó. Kí ẹbí tó tà á dá owó wọn padà, tàbí kí ọ́fíìsì tó buwọ́ lù ú fún wọn ní ilẹ̀ lórí òkè dípò rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n di ọ̀tá wa, kò sí ìjà láàárín àwa àti àwọn.

Ìkarùn-ún, kí àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti àwọn Haúsá tó ń gbin àlùbọ́sà ní ìwé lọ́wọ́. Wọn kò bèèrè C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ gómìnà. Ìwé ọdọọdún tó sọ pé àwọn ló ń dáko níbẹ̀, tí wọn yóò máa san ohun díẹ̀ fún ẹbí onílẹ̀, ti tó. Ẹbí onílẹ̀, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa: owó tó ń wọlé lọ́dọọdún láìtán, àbí èyí tí ẹ ti pín tí ẹ ti ná?

Ìkẹfà ni ti iṣẹ́ mi. Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ kànga tàbí lu bọ́hòlù láìjẹ́ pé ẹnì kan wá wo ibi tí ṣáláńgá àti sọkawé wà, tiẹ̀ àti ti alábàágbé rẹ̀. Òkè ni kí kànga wà, ìsàlẹ̀ ni kí ṣáláńgá wà. Àwa agbẹ́kànga ṣe tán láti bá yín ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí èyí, ẹlòmíràn á kàn wá gbà á ṣe ni.

A fún yín ní àyè títí di òpin oṣù yìí láti fi èsì ránṣẹ́ sí Alángùá àdúgbò. Tí kò bá sí èsì, lọ́yà wa yóò gbé ìwé lọ sí kóòtù, a ti dá owó rẹ̀ jọ. Kí ó tó dé ibẹ̀, ẹ wá wo ilẹ̀ náà fúnra yín. Àárọ̀ Sátidé ló dára jù, àwọn ìyá wa á wà lóko, èmi náà á wà níbẹ̀. Kí ẹ má wá nínú ọkọ̀ o, típà kan ṣì rì síbẹ̀ tí wọn kò tíì rí fà jáde.

Èmi ni,
Agbẹ́kànga kan, ní orúkọ àwọn ará àdúgbò etí akùrọ̀,
Ìlọrin.